Ọwọ́ Kan Lára Ẹ́ńjìnnì Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo fẹ́ sọ tèmi fún yín bí ó ṣe rí gan-an. Ilé ẹ́ńjìnnì ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀, ibi tí iná ti ń wá bí ti ìjọba bá lọ, ni mo ti ṣiṣẹ́, láti oṣù kẹta ọdún 1984 títí di oṣù keje ọdún 1999. Ọdún márùndínlógún àti oṣù mẹ́rin ni. Nínú rẹ̀, ẹ yọ ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta kúrò, nítorí pé ibòmíràn ni wọ́n fi mí sí nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà ní gbogbo àkókò yẹn. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta yìí ni mo máa ń rò jù lọ, ju èyí tí mo fi ṣiṣẹ́ lọ.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Lẹ́yìn tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, mo ń tún ẹ́ńjìnnì sọ́míìlì ṣe ní ọ̀nà Ìpele. Ẹnìkan sọ fún mi pé ilé ìwòsàn ń wá ènìyàn, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ tó bọ́ ilé. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, mo ti fẹ́ ìyàwó, mo sì ti bí Bùnmi, ọmọ mi obìnrin. Inú tíátà ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni wọ́n ti bí i. Mo rò pé mo mọ ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá mi ni Ẹnjiníà Adéwọlé, ọmọ Ìyèré. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní òkè òkun ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì kí ó tó padà wálé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ní àbààwọ́n. Bí inú rẹ̀ bá dùn, èdè Ọ̀wọ̀ ló ń bá wa sọ. Bí ó bá fẹ́ bá ènìyàn wí, Yorùbá inú ìwé ló máa ń bọ́ sí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Yorùbá inú ìwé ló fi kí mi káàbọ̀.

Kò fún mi ní sípánà. Pẹ́ńsù ló fún mi. Ó tẹ́ bébà aláwọ̀ igi kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù, sórí tábìlì.

Ó ní, “Kí ni ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ níbí?”

Mo ní, “Kí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, sà.”

“Ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ lójoojúmọ́. Kò kan ẹnikẹ́ni. Kí ni ohun tó burú jù?”

Rótìmí, ẹnìkejì mi tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi ní ọdún méjì, ń nu ọwọ́ nínú àkísà, ó sì ń fi ẹ̀rín pamọ́.

Mo wá ní, “Kí iná kú ní tíátà, sà, nígbà tí wọ́n ti la inú ènìyàn.”

“Kọ ọ́ sí òkè pátápátá.”

Mo kọ ọ́. Ó ní kí n fa ìlà wálẹ̀, kí n máa kọ ohun tó lè fà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n tún máa kọ ohun tó lè fa ìyẹn sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀, títí tí n ó fi dé ibi tí kò sí ìbéèrè mọ́. Igi ìbàjẹ́ ni ó ń pè é. Igi tó dorí kodò ni: ohun tí à ń bẹ̀rù wà lókè, gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, a gbọ́dọ̀ kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: ÀTI, tàbí TÀBÍ. Bí ó bá jẹ́ TÀBÍ, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti tó láti mú ti òkè wá. Bátìrì kú, tàbí dísẹ́ẹ̀lì tán: ẹ́ńjìnnì kò ní jí. Bí ó bá jẹ́ ÀTI, gbogbo wọn ni yóò ṣẹlẹ̀ pọ̀ kí ti òkè tó ṣẹlẹ̀. Iná ìjọba lọ, ÀTI ẹ́ńjìnnì kìíní kọ̀, ÀTI ẹ́ńjìnnì kejì kọ̀: ìgbà náà ni tíátà máa ṣókùnkùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya igi kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin. Rótìmí á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Pẹ́ńsù ni, kì í ṣe ayùn sọ́míìlì. Ẹ máa fi gé tábìlì.” Bí mo bá yà á tán, Ẹnjiníà á wò ó, á tọ́ka sí ibì kan, á ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Bí mo bá dáhùn pé mo rò bẹ́ẹ̀ ni, á ká bébà náà, á sì fún mi ní òmíràn. Kò fà á ya rí. Ó máa ń ká a dáadáa ni, bí ìwé tí ó ṣe pàtàkì. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ mi ní etí. Nígbà náà, a kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe rí. Sukurudiráfà gígùn kan ni a ní: a ó fi ẹnu irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, a ó fi ìdí igi rẹ̀ sí egungun ẹ̀yìn etí. Ó ní kí n máa gbọ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbà mí ní oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé fáàfù kẹta ẹ́ńjìnnì kejì ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padé, ó gba irin náà lọ́wọ́ mi, ó fetí sí i, ó sì fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ pé kí n lọ jẹun. Mo jẹ iṣu sísun ní ọjọ́ náà bíi pé inú ààfin ni mo wà.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé òun ni iṣẹ́ náà gan-an.

Bí ẹ́ńjìnnì nọ́ńbà kìíní bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí a pè é, tí nọ́ńbà kejì náà sì kọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá mọ ìṣirò á ní kí a sọ ọgọ́rùn-ún di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí méjèèjì á kọ̀ pọ̀ kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Ọkàn ènìyàn á balẹ̀. Ẹnjiníà ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ó ní, “Ìṣirò yẹn dára bí àwọn méjèèjì kò bá mọ ara wọn. Ṣé wọn kò mọ ara wọn?”

Mo ní, “Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n, sà.”

“Inú táńkì wo ni dísẹ́ẹ̀lì nọ́ńbà kìíní ti ń wá?”

“Táńkì ẹ̀yìn ilé, sà.”

“Ti nọ́ńbà kejì ńkọ́?”

Mo rí i nígbà náà. Bí omi bá wọ táńkì kan yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí omi bá wọ̀ ọ́ ni méjèèjì máa kú. Nǹkan kan ṣoṣo ti gba abẹ́ ilẹ̀ so gbòǹgbò igi méjì pọ̀, ìṣirò kò sì rí i. Ó ní kí n máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi: táńkì kan náà, ooru kan náà, àpótí ẹrù kan náà tí a ti mú ohun èlò méjèèjì, ọwọ́ kan náà. Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni a gbé táńkì kékeré fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan.

Ti ọwọ́ kan náà yìí, òun ló sọ di òfin. Èmi ni mo ní nọ́ńbà kìíní, Rótìmí ló ní nọ́ńbà kejì. Bí ọ̀kan nínú wa kò bá sí, tirẹ̀ á dúró dè é. Ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ ṣe ìtọ́jú méjèèjì. Ó bí mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo ní, “Sà, ṣé ẹ kò fọkàn tán mi ni?”

Ó ní, “Mo fọkàn tán ọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí n kò fọkàn tán, mo máa tẹ̀lé e wò. Ẹni tí mo fọkàn tán, n kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe rẹ̀ á sì rí àyè dé ibi méjèèjì.”

Mo kó ẹ̀kọ́ yìí lọ sílé ju bó ṣe yẹ lọ, mo jẹ́wọ́. Nígbà tí a ti bí Káyọ̀dé, ọmọ mi ọkùnrin, mo pa á láṣẹ pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ kan náà lọ kí ìyá àgbà wọn ní Ìpele. Èmi á mú ọ̀kan, ìyá wọn á mú ìkejì, a ó sì fi wákàtí kan sí àárín. Wọn kò gbọdọ̀ mu omi inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ní ilé onílé. Ìyàwó mi fara dà á fún ọdún bíi méjì. Ní ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Ó ní, “Bàbá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Èmi àtẹ̀yin àtàwọn ọmọ, abẹ́ òrùlé kan náà la jọ ń sùn. Ṣé kí n lọ sùn sí sọ́ọ̀ṣì ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń lọ?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Mo gun àkàbà lọ wo ìṣó tó wà lára páànù.

Wàyí o, ọdún 1993. Oṣù kẹsàn-án ni, ìgbà ọdún Igogo. Ọjọ́ Ẹtì kan ni àtẹ iṣẹ́ wa sọ pé kí a yí fítà tó ń sẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ẹ́ńjìnnì méjèèjì padà, èmi tèmi, Rótìmí tirẹ̀. Àtẹ náà jẹ́ páálí ńlá kan lára ògiri, ó ní ojú kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì ti ṣe iṣẹ́ tán, a ó fi pẹ́ńsù kun ojú náà dúdú. Ẹnjiníà ti lọ sí Àkúrẹ́ láti ọjọ́bọ̀ nítorí ohun èlò. Rótìmí jẹ́ ọmọ àdúgbò Ìlóró, tí wọ́n ní ipa nínú ọdún náà, bàbá rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pè é pé àwọn ará ilé gbọ́dọ̀ pé.

Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi tèmi sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Bí n kò bá débẹ̀, bàbá mi á ní iṣẹ́ òyìnbó ti sọ mí di àlejò.”

Mo ní kò burú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo yí fítà nọ́ńbà kìíní padà. Mo kun ojú tèmi dúdú. Ojú tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ funfun. Ẹ má rẹ́rìn-ín: láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà níbẹ̀, àtẹ yẹn kò ní àlàfo kan rí, èmi sì ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Mo jókòó, mo wò ó. Mo dìde, mo fi omi wẹ ojú, mo padà, ó ṣì funfun. Mo sọ fún ara mi pé fítà kan péré ni, pé ọwọ́ tó ṣe tàárọ̀ dáadáa kò lè gbàgbé iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sì ṣe ti Rótìmí, mo kun ojú tirẹ̀ náà dúdú.

Ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá yí fítà rẹ̀, kí a máa wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bùnmi ń jáde nílé ìwé ní aago kan, ojú ọ̀nà kún fún èrò Igogo, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó sì máa ń fẹ́ lọ wo àwọn tó ń lu agogo. Mo fẹ́ lọ mú un fúnra mi. Mo mú un, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi délé. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, iná ìjọba lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan láti Ẹlẹ́gbẹ́ka tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kìíní jí lójú ẹsẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ènìyàn, ó sì kú. Nọ́ńbà kejì gbà á. Èmi, Rótìmí àti Ẹnjiníà wà lórí nọ́ńbà kìíní, a kò tíì rí ohun tó ṣe é, nígbà tí nọ́ńbà kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́yìn wa. N kò tíì gbọ́ ohùn tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìró kan náà gan-an ni, bí ẹni méjì tí wọ́n ní irú ikọ́ kan náà.

Afẹ́fẹ́ ló wọ inú dísẹ́ẹ̀lì. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún láti fa afẹ́fẹ́ náà jáde kí ọ̀kan tó jí. Ní tíátà, wọ́n ti fi iná tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta gbé ọmọ náà jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú imú ọmọ tuntun kò ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ìyá yè. Ọmọ náà kò sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹnjiníà tú fítà méjèèjì níwájú wa. Fítà tuntun máa ń wá pẹ̀lú òrùka rọ́bà tirẹ̀. Òrùka àtijọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì nígbà mìíràn, ó dúdú bí irin, a sì gbọ́dọ̀ fi èékánná yọ ọ́ kúrò. Bí a kò bá yọ ọ́, òrùka méjì á gun ara wọn, wọ́n á dúró dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ti ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ẹnjiníà tò wọ́n sórí tábìlì. Òrùka mẹ́rin ló wà níbẹ̀, níbi tó yẹ kí méjì wà.

Rótìmí wò mí. Ẹnjiníà kò wò mí. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ń fẹ́ igi ìbàjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ayọ̀délé, ìwọ ni kí o yà á.”

Mo yà á. Mo fi òrùka rọ́bà sí abẹ́ nọ́ńbà kìíní, mo fi òrùka rọ́bà mìíràn sí abẹ́ nọ́ńbà kejì, mo kọ ÀTI sí àárín, mo sì ṣírò rẹ̀. Ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá ni, ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ méjì, ìyàwó, ilé háyà, àti ibi kan ṣoṣo láyé tí mo fẹ́ máa lọ láràárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn.

Ẹnjiníà kà á ní ìdúró. Ó ní, “Ó gún régé. Ṣé o gbà á gbọ́?”

Kò ká a. Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde lọ. Ìwé náà kò ní dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọ ilé onílé. Àgbẹ̀ ni, eruku ojú ọ̀nà Ẹlẹ́gbẹ́ka ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibí ni iná ti ń wá?”

Mo ní, “Ibí ni.”

Ó wo ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà díẹ̀. “Ó tóbi. Wọ́n sọ fún mi pé ó bàjẹ́. Mo ní kí n wá wò ó ni. Ìyàwó mi ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún nígbà náà.” Ó wá rí ìkejì. “Méjì ni wọ́n?”

“Méjì ni.”

“Méjèèjì ló bàjẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó mi orí. Kò bínú. Ó ní, “Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo ra ìkejì, mo ní ó tán, wàhálà mi parí. Háà. Méjèèjì.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Mo mú pẹ́ńsù. Mo fa ìlà láti abẹ́ òrùka kìíní àti láti abẹ́ òrùka kejì, mo jẹ́ kí wọ́n pàdé nísàlẹ̀, mo sì kọ síbẹ̀ pé: Ọwọ́ Ayọ̀délé, ní ọjọ́ Ẹtì kan náà, lòdì sí òfin. Mo pa ìṣirò àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí pé kò wúlò mọ́. ÀTI tó wà lókè kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìlà kan ṣoṣo ló lọ tààrà láti ọwọ́ mi dé tíátà.

Akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọ́fíìsì, ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sórí bébà náà.

“Bàbá Bùnmi, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹnikẹ́ni kò fipá mú yín?”

“Rárá, mà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Àwọn ìgbìmọ̀ ti fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì kẹta, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.”

Mo ní, “Bí ọwọ́ kan náà bá lè kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kú.”

Wọn kò lé mi. Wọ́n gba ọkùnrin mìíràn sí ipò mi, wọ́n kọ òfin Ẹnjiníà sára ògiri, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá ṣe ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì máa fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí. Wọ́n wá gbé mi lọ sí ilé ìfọṣọ, ní oṣù kẹwàá ọdún 1993.

Ilé ìfọṣọ kò jìnnà. Ìgbésẹ̀ igba àti mẹ́rìnlá ni láti ibẹ̀ dé ilé ẹ́ńjìnnì, mo ti kà á. Mo máa ń ka aṣọ tíátà wọlé, mo sì máa ń kà á jáde. Bí iná ìjọba bá lọ, gbogbo àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ á pariwo pé ilẹ̀ ṣú. Èmi á dúró jẹ́ẹ́, n ó máa gbọ́. Mo mọ ẹni tó jí nínú méjèèjì. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ti yí bẹ́líìtì padà. Ìyá Tọ́lá, ọ̀gá wa níbẹ̀, á ní, “Ẹ tún ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá bá wa ká aṣọ ibùsùn.”

Ẹnjiníà kò wá kí mi fún oṣù kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sórí káńtà. Gbogbo wa mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́ bí aṣọ sọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, “Nọ́ńbà kejì ń han díẹ̀ láàárọ̀.”

Mo ní, “Mo gbọ́ ọ, sà. Ṣé kì í ṣe bẹ́líìtì fáànù?”

“A ti yí i.”

“Ẹ wo ìdè rẹ̀, sà. Ohùn rẹ̀ ga jù fún bẹ́líìtì.”

Ó mi orí, ó lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó tún wá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fọ aṣọ yẹn, n kò fi í sínú ẹ̀rọ. Kò sọ̀rọ̀ igi náà rí. Kò ní o ṣeun, kò ní o ṣe burúkú. Mo máa ń retí rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ.

Ó fẹ̀yìn tì ní ìparí ọdún 1996, ó padà sí Ìyèré. Ní oṣù kìíní 1997, wọ́n dá mi padà sí ilé ẹ́ńjìnnì. Mo wọlé, òórùn dísẹ́ẹ̀lì kí mi. Tábìlì wà níbẹ̀. Mo ya igi tuntun kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo yà á dáadáa, mo gbé e kalẹ̀, n kò sì rí ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló sọ fún mi.

Ní ọdún 1998, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti pólì, onínúure ni. Ó ní kọ̀ǹpútà. Ó tẹ igi ìbàjẹ́ ilé ẹ́ńjìnnì wa jáde lórí bébà funfun, ìlà rẹ̀ tọ́ ju tèmi lọ, ìṣirò rẹ̀ sì jáde kí n tó mí.

Mo ní, “Ọmọ mi, ó dára gan-an. Ọwọ́ dà?”

Ó ní, “Ọwọ́ wo, Bàbá?”

Mo sọ fún un. Ó tẹ́tí, ó jókòó, ó sì wá ibi tí yóò fi ọwọ́ sí nínú ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó rí i. Nítorí náà n kò lè sọ fún yín pé irinṣẹ́ tuntun kò dára. Kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni.

Ní ọdún 1999, etí mi ọ̀tún kò gbọ́ fáàfù mọ́. Mo kọ́kọ́ fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà mo lọ sọ fún wọn fúnra mi, wọ́n sì jẹ́ kí n lọ pẹ̀lú ọlá.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyèré. Ẹnjiníà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora lórí ẹsẹ̀, nínú oòrùn. Ó ti gbẹ. Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi kí mi, òun náà la sì ń sọ títí mo fi kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá gbogbo wa ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín. Ó béèrè àwọn ọmọ. Mo ní Bùnmi ń fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní pólì, pé n kò tíì gbà fún un, ẹ̀rù ń bà mí.

Ó ní, “Ẹ̀rù rẹ ló sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tó dára. Jẹ́ kí òun náà lọ bẹ̀rù tirẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi, ó sì padà sínú ilé.

Ó wá ní, “Ayọ̀délé, igi yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé e lọ fún Màmá Ọ́fíìsì, mo rí ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀. Mo mú rọ́bà ìpaǹkanrẹ́ dání. Mo rìn wá títí dé ẹ̀yìn ilé rẹ.”

Mo ní, “N kò rí yín, sà.”

“Mo mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o pa á rẹ́. Mo ti ronú rẹ̀ tán. Mo ní ọdún mẹ́ta péré ló kù fún mi ní ibi yẹn, n kò sì fẹ́ lo ọ̀kankan nínú rẹ̀ láìsí ìwọ.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ kò kan ilẹ̀kùn, sà?”

Ó fa aṣọ ìbora náà sókè díẹ̀.

“Nítorí pé o máa pa á rẹ́.”